Ẹ̀yin onímọ́tò Òṣogbo, báwo la ṣe ń mọ̀ pé gáréèjì ṣe sáfíìsì tá a sanwó fún?

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo gbé Toyota Camry mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti ọdún 2008, ẹ́ńjìnnì 2.4, lọ sí gáréèjì kan nínú Òṣogbo níbí fún sáfíìsì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò tíì mọ ibi tọ́rọ̀ dúró. Àdéhùn wa ni pé wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì fílítà, fílítà afẹ́fẹ́, fílítà AC, púlọ́ọ̀gì iridium mẹ́rin (irú èyí tó wọ́n, tó sì ń pẹ́) àti bíréèkì páàdì iwájú. Àárọ̀ ni mo gbé e sílẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ gbé e. Gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí ló wà nínú rìsíìtì tí wọ́n fún mi, ọ́ìlì ibẹ̀ sì jẹ́ gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan. Mo sanwó pé.

Nígbà tí mo délé ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n bá mi kó àwọn páàtì àtijọ́ pa mọ́. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní àwọn ti dà wọ́n nù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa gééjì ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Ọ́ìlì náà ti ń dúdú, ó sì ga ju àmì F, ìyẹn ibi tó yẹ kó kún dé, lọ. Àwọn kílíìpù tó de àpótí fílítà afẹ́fẹ́, eruku ọyẹ́ ṣì bò wọ́n, kò sí ojú ìka kankan lórí wọn.

Ọkọ̀ náà ń lọ dáadáa o, bíréèkì sì ń mú. Àmọ́ owó olùkọ́ ni mo fi ṣe é, kò sì ṣẹ́kù sí ibì kan. Kí ni mo lè wò fúnra mi tí màá fi mọ̀ pé wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é? Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Àǹtí, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ nìyẹn. Ọ́ìlì tuntun kì í dúdú nígbà tílẹ̀ bá mọ́. Ọ̀nà Òṣogbo sí Ìbàdàn ni mò ń ná, mọ́tò ni mo fi ń jẹun, mi ò sì fẹ́ràn kí n kúrò nídìí ẹni tó ń ṣe sáfíìsì mi. Èmi ni mò ń ra ọ́ìlì wá, èmi ni mò ń já ìdérí gálọ́ọ̀nù. Ẹ padà lọ bá wọn lónìí, ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ tutù.

Tẹkiníṣánnì Sábó

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pé àwọ̀ ọ́ìlì nìkan tó láti dájọ́. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Tá a bá tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ọ́ìlì páànù, gbogbo ọ́ìlì kọ́ ló ń jáde. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sára irin àti sínú àwọn ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Ọ́ìlì tuntun sì ní kẹ́míkà tó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ń fi ọ́ìlì ẹ̀ falẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kíá ni tuntun á yí padà sí bíráòn, kò sì sí ẹni tó jalè. Ti ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n lè má tíì kúrò nínú gáréèjì tí á ti dúdú.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kán an sórí tíṣù funfun. Ṣé dúdú kirikiri ni, tó ń rùn òórùn jíjóná, tó sì ṣe ìyanrìn-ìyanrìn tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì rà á? Àbí bíráòn tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń là kọjá? Ẹ sọ fún wa kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Bíráòn ni, àbúrò mi. Kò rùn. Ó ń yọ̀ dáadáa láàárín ìka. Ó mọ́ ju ti kí n tó gbé e lọ, ìyẹn dá mi lójú, àmọ́ kò ní àwọ̀ oyin tó yẹ kó ní.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Wọ́n lè bu tuntun lé àtijọ́ lórí náà. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn rí nìyẹn.

Bàbá Sípánà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, fara balẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi kí n tó fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀ ná, ká wo ìwọ̀n. Ohun tí Awakọ̀ sọ kẹ́yìn yẹn ṣeé yẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Muscle ọdún 2007 sí 2009, 2AZ ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá tú ọ́ìlì ẹ̀ dànù, tí wọ́n sì pààrọ̀ fílítà, lítà 4.3 ni Toyota ní kí wọ́n rọ padà. Lítà 4 ni gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ro tán, tó pààrọ̀ fílítà, tó wá rọ gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ọ́ìlì ẹ̀ ò lè dé F. Láti L, àmì ìsàlẹ̀, dé F lórí gééjì yẹn, bíi lítà kan ni, nítorí náà ohun tó dín á hàn kedere. Tìẹ wá ga ju F lọ. Níbo ni àlékún yẹn ti wá? Yálà wọ́n rọ ju gálọ́ọ̀nù kan lọ tí wọn ò kọ ọ́ sí rìsíìtì, tàbí wọ́n dé nọ́ọ̀tì padà kí àtijọ́ tó ro tán, tí wọ́n sì fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì inú ẹ̀. Èwo nínú méjèèjì? Fílítà ló máa sọ.

Ṣùgbọ́n tún un wọ̀n ná. Ibi tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà o, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tó o bá ti wà á, pa á, kó o dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀ sínú páànù. Fa gééjì, nù ún gbẹ, tún un kì bọ̀ ọ́ dé ìdí, kó o wá fà á yọ wò. Wo ojú méjèèjì gééjì náà. Èyí tó bá rẹlẹ̀ jù ni kó o gbà gbọ́. Tó bá ṣì ga ju F, má gbé mọ́tò náà lọ ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó dín ọ́ìlì kù. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa nà án títí á fi máa hó, ọ́ìlì tó ń hó kì í sì í dáàbò bo irin dáadáa.

Ó wá ku abẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má fi jáàkì nìkan gbé mọ́tò sókè kó o wọ abẹ́ ẹ̀. Jáàkì máa ń yẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í sì í ráyè sá. Fóònù tó ní iná ti tó: tì í sábẹ́, kó o ya fọ́tò. Ohun méjì lò ń wá. Àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ọ́ìlì páànù. Èyí tí sípánà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, igun ẹ̀ á dán, àyíká ẹ̀ á sì ti jẹ́ nínù. Èkejì ni fílítà fúnra ẹ̀. Tuntun, ara ẹ̀ á mọ́, lẹ́tà ara ẹ̀ á ṣeé kà. Èyí tí ẹrẹ̀ ti gan mọ́, àtijọ́ ni, ohun yòówù kí rìsíìtì wí.

Ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kàn án. Bí mẹkáníìkì mìíràn bá ti tú nǹkan kan, àwọn ti àkọ́kọ́ á ní òun ló bà á jẹ́, kò sì sí bó o ṣe máa já wọn nírọ́.

Ìyá Páàtì Ìgbọ̀nà

Bàbá ti sọ ti ọ́ìlì. Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti púlọ́ọ̀gì, torí èmi ni mò ń tà á, mo sì mọ ohun tí àwọn ọmọ gáréèjì ń wá bèèrè níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Iridium ti Denso tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu, SK20R11 ni wọ́n kọ sí ara tánganran funfun ẹ̀. Irin àárín ẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Púlọ́ọ̀gì lásán, irin àárín tiẹ̀ sanra, orí ẹ̀ sì tẹ́. Owó wọn jìnnà síra gan-an. Ẹlòmíì á wá ra èyí tó sanra, á wá ní kí n bá òun wá páálí iridium tó ti ṣófo. Mi ò jẹ́ fún wọn. Àwọn kan ń fún wọn, torí náà tí wọ́n bá na páálí sí yín, ẹ má gbà á ní ẹ̀rí. Irin ni kẹ́ ẹ wò.

Ike dúdú tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ká kúrò. Kọ́ìlì mẹ́rin, àwọn tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, wà lábẹ́ ẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló mú wọn, sípánà 10 ló ń tú u. Abẹ́ kọ́ìlì ni púlọ́ọ̀gì wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é, torí ike ẹnu wáyà kọ́ìlì tó ti gbó máa ń tètè kán.

Fílítà AC rọrùn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ̀yin fúnra yín lè wò ó láìlo sípánà. Ẹ kó ẹrù inú píjìn hóòlù kúrò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, á já wálẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni fílítà wà.

Mo wá fẹ́ béèrè: ta ló sọ fún yín pé púlọ́ọ̀gì yín ti tó pààrọ̀? Máìlì 120,000 ni Toyota fún iridium inú ọkọ̀ yẹn, ìyẹn bíi kìlómítà 192,000. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń yọ ní gbogbo sáfíìsì. Tí ojúlówó bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ní àwọn ti dà á nù. Iridium àtijọ́ tó ṣì dára, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tà á bíi tòkunbọ̀.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Ìyá mi, àwọn ni wọ́n sọ fún mi o. Wọ́n ní ó ti gbó. Mi ò ríi lójú.

Lánre Ògo-Olúwa

Ẹ̀gbọ́n mi, òfin wà lẹ́yìn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún oníbàárà gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n. Tí kò bá kúnjú ìwọ̀n, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá tó tọ́ nínú owó ẹ̀ padà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Tẹ́ ẹ bá fi ìwé sùn lọ́dọ̀ FCCPC, rìsíìtì, fọ́tò àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ lọ ló máa gbè yín lẹ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ béèrè bóyá ọ̀gá gáréèjì náà wà nínú NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ yìí, alága ẹ̀ka ló ń parí ẹ̀.

Ọmọ Ìlobùú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n da ìbéèrè kan pọ̀ mọ́ ọn. Èmi náà ní Muscle 2.4. Wọ́n ṣe sáfíìsì mi lójú mi kòrókòró, ọ́ìlì wà ní F géérégé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gééjì fi wálẹ̀ dé L, kò sì sí ibi tó ń jò. Ṣé ọ́ìlì ayédèrú ni wọ́n rọ fún mi ni?

Bàbá Sípánà

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. 2AZ ọdún wọ̀nyẹn ń jẹ ọ́ìlì, àṣírí kọ́ ni. Ríìngì tó ń nu ọ́ìlì lára pisítìn ló máa ń dí, ọ́ìlì á wá máa wọlé lọ jóná pẹ̀lú epo. Toyota fúnra ẹ̀ ṣètò ní Amẹ́ríkà láti tún un ṣe fún àwọn onímọ́tò tí ti wọn ń jẹ ọ́ìlì kọjá ìwọ̀n. Máa wo gééjì ẹ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, má dúró de iná dáṣíbọ́ọ̀dù, torí kí iná yẹn tó tàn, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ jìnnà.

Ó kan Àdùkẹ́ náà. Bí ọ́ìlì ẹ bá rẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, má sáré sọ pé wọn ò rọ ọ́ pé. Ohun tó o rí láàárọ̀ tó tẹ̀ lé sáfíìsì ni ẹ̀rí, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè ní ìdí mìíràn.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró ti mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí èmi ń lò nígbà tó bá di dandan kí n fi mọ́tò sílẹ̀. Kí n tó gbé e lọ, mo máa ń fi mákà funfun to àmì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ fílítà àtijọ́, màá sì fa ìlà kan sí etí fílítà afẹ́fẹ́ níbi tí ojú ò ti tètè dé. Màá ya fọ́tò rẹ̀, màá ya ti mítà náà. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò fún mi, tí mo bá bá àmì mi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n lè fi epo nu ara fílítà kó máa dán, àmọ́ wọn ò ní mọ̀ pé àmì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi máa nù ún dànù.

Tẹkiníṣánnì Sábó

Ìyẹn dára. Kí n fi kún un: ẹ sọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa kó gbogbo páàtì àtijọ́ lọ sílé, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́. Mẹkáníìkì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀ kò ní bínú. Èmi máa ń kó wọn sínú páálí tí tuntun ti jáde, màá gbé e sí búùtù oníbàárà. Ẹ fẹ́ rí fílítà tó wúwo nítorí ọ́ìlì tó kún inú ẹ̀, páàdì tó ti jẹ́, púlọ́ọ̀gì tí ẹnu ẹ̀ ti dúdú. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó ni bíbéèrè ẹ̀ ti pẹ́ jù.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ṣe é bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe é.

Ọgbà ilé ìwé wa tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni mo ti wọn ọ́ìlì. Ó ṣì ga ju F, tó ìbú ìka kékeré. Ọkọ àbúrò mi tó jẹ́ ríwáyà bá mi wá, ó na fóònù sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, a ya fọ́tò. Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì páànù ń dán, ó hàn pé wọ́n tú u. Ṣùgbọ́n fílítà! Ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára yíká, àyàfi ojú ibì kan tí ọ́ìlì ti ṣàn sí tó fọ̀ ọ́. Mo fi omi nu ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ka orúkọ ara ẹ̀, orúkọ náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí rìsíìtì.

A ya fọ́tò àwọn kílíìpù fílítà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú eruku wọn, ká tó wá ṣí i. Àwọn ìpele pépà yẹn ti di àwọ̀ ilẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn: iyanrìn, ìyẹ́ kòkòrò, ewé gbígbẹ kan, gbogbo ẹ̀ já bọ́. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Púlọ́ọ̀gì, ọ̀kan péré la yọ. Tuntun ni lóòótọ́, tánganran ẹ̀ funfun, àmọ́ irin àárín ẹ̀ sanra, kò sì sí SK20R11 kankan lára ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó iridium ni wọ́n kọ.

Fílítà AC, tuntun. Páàdì iwájú, tuntun. A wò ó láti àárín ríìmù, ó nípọn, ó ju ìdajì ìka lọ, bẹ́ẹ̀ irin ni ti àtijọ́ ti ń fi jẹ díìsì. Èyí ló ń dà mí láàmú jù: wọ́n ṣe ibi tí etí àti imú mi lè tètè mọ̀, wọ́n fi ibi tí ojú mi ò dé sílẹ̀.

Ìyá Páàtì Ìgbọ̀nà

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ibi púlọ́ọ̀gì yẹn ni. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Sípánà

Gbogbo ẹ̀ ti bára mu nísinsìnyí. Fílítà àtijọ́ tòun ti ọ́ìlì inú ẹ̀, àti ọ́ìlì tí wọn ò jẹ́ kó ro tán, lítà 4 wá gorí ẹ̀, ó kọjá F. Ìdí tí àwọ̀ ẹ̀ kò fi dà bí ti tuntun náà nìyẹn.

Má gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn kó o tó padà síbẹ̀. Lọ ní àárọ̀, nígbà tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ bá wà, kí oníbàárà mìíràn tó pọ̀ níbẹ̀. Má pariwo, má pe ẹnikẹ́ni ní olè. Gbé rìsíìtì sílẹ̀, gbé fọ́tò tì í, kó o ní kí ó fi fílítà tó wà nínú rìsíìtì hàn ọ́ lára ọkọ̀. Ìbéèrè yẹn ti tó. Mú ẹnì kan dání.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Èmi ì bá pariwo o. Ṣùgbọ́n ti Bàbá ló dáa jù.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Mo ti débẹ̀, mo sì ti dé. Èmi àti ọkọ àbúrò mi la jọ lọ. Ọ̀gá náà wo fọ́tò, ó wo rìsíìtì, ó fúnra ẹ̀ ṣí àpótí fílítà afẹ́fẹ́, kò jiyàn. Ó pe ọmọ tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ yẹn ní ibi tí òun ti fẹ́ ra fílítà méjèèjì ti ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, òun sì mọ̀ pé mò ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀. Lórí púlọ́ọ̀gì, kò rí nǹkan kan sọ. Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ níbo ni ti àtijọ́ wà, ó wolẹ̀.

Wọ́n tú ọ́ìlì náà lójú mi. Mo dúró títí ó fi ń kán tótó, mo sì ní kí wọ́n má tíì dé e. Ọmọ kan lọ ra fílítà wá, mo já ọ̀rá ara ẹ̀ fúnra mi. Lítà 4 wọlé, gééjì wà nísàlẹ̀ F gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, wọ́n wá bu díẹ̀ sí i látinú gálọ́ọ̀nù kejì títí ó fi dé ojú àmì. Fílítà afẹ́fẹ́ náà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n dá ìyàtọ̀ owó púlọ́ọ̀gì padà fún mi. Mo ní kí wọ́n dá lára owó iṣẹ́ padà pẹ̀lú, ọ̀gá ní àwọn ti fi ọ́ìlì mìíràn ṣòfò, òun ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Iridium mi àtijọ́ ò padà wá. Mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti gbó lóòótọ́ tàbí kò tíì gbó, ìyẹn ló ń ká mi lára jù, ju owó náà lọ.

Tẹkiníṣánnì Sábó

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá yẹn ò burú, àmọ́ òun ló yẹ kó yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó gbé e fún yín. Wọ́n kì í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó ra páàtì, kí ó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ láìsí ojú kejì. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, torí tí mo bá sọ iye iridium fún oníbàárà, wọ́n á ní mo fẹ́ jẹ wọ́n, wọ́n á ní gáréèjì kan ní òpópónà kejì ń ṣe é ní ìdajì owó yẹn. Èyí tí wọ́n ń fi sí i fún wọn ní ìdajì owó, òun lẹ rí yìí.

Lánre Ògo-Olúwa

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n kọ rìsíìtì tuntun fún yín? Kí wọ́n kọ ọ́ pé fílítà àti ọ́ìlì jẹ́ àtúnṣe, kí wọ́n sì kọ nọ́mbà tó wà lórí mítà sí i.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà

Wọ́n kọ ọ́. Mo gba fílítà àtijọ́ méjèèjì pẹ̀lú.

Ọmọ Ìlobùú

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè kan ló kù. Gáréèjì tó ń ṣe tèmi ní mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ tàímìn bẹ́líìtì Muscle mi báyìí, wọ́n sì ti ṣírò owó ẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn pààrọ̀ ọ́ìlì gíá Honda ìyàwó mi lóṣù tó kọjá. Báwo ni mo ṣe máa wò ó?

Bàbá Sípánà

Má san kọ́bọ̀ fún tàímìn bẹ́líìtì. 2AZ kò ní i. Ṣéènì onírin ló ń ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì yẹn nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì tí kò sí lára ọkọ̀, gbé mọ́tò ẹ kúrò níbẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ìta tó ń yí áltánétọ̀ àti AC ló ń sọ, kó o ní kó fi ọwọ́ kàn án hàn ọ́.

Ti ọ́ìlì gíá, òun ò rí bíi ti ẹ́ńjìnnì. Tuntun máa ń pupa, ó sì mọ́ gaara. Èyí tó ti pẹ́ á di bíráòn, á máa rùn òórùn jíjóná. Púpọ̀ nínú Toyota tó ní gééjì gíá, ẹ́ńjìnnì máa ń wà ní títàn, ọkọ̀ á ti rìn kó gbóná, wàá fi gíá gba gbogbo ojú ẹ̀ kọjá kó o tó dá a padà sí P, kó o wá fa gééjì, kó o sì wo apá ibi tí wọ́n kọ HOT sí. Honda yàtọ̀. Jẹ́ kó gbóná dáadáa, gbé e síbi tó tẹ́jú, pa ẹ́ńjìnnì, kó o sì fa gééjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Aṣọ tí kì í já òwú ni kó o fi nù ún, torí fọ́nrán òwú tó bá wọ inú gíá lè dí ojú ọ̀nà kéékèèké inú ẹ̀. Tó bá pupa, tó sì wà láàárín àmì méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ bíráòn, béèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n ní àwọn rọ, torí ti Honda àti ti Toyota kì í ṣe ọ̀kan náà, kó o sì kọ ìdáhùn wọn wá síbí ká wò ó.